Orúkọ Ẹnì Kan, Ohùn Ọ̀pọ̀ Ènìyàn: Àwo Aura ti King Sunny Adé àti Ìjákulẹ̀ Ọdún 1984

Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ àwo orin Island ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo kan jáde tí orúkọ King Sunny Adé wà lójú rẹ̀ gàdàgbà. Aura ni wọ́n pè é. Àwo kẹta ni tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fún un, méjì àkọ́kọ́ sì ti sọ olórin jùjú náà di ẹni tí wọ́n ń pè káàkiri Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Jàpáànì. Ìrètí pọ̀ lórí ẹ̀kẹta yìí. Stevie Wonder, gbajúgbajà olórin Amẹ́ríkà, wá fọn háàmóníkà sí orin Àṣẹ tí ó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àwo náà kò tà tó àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, kò tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbọ́ ọ lọ́rùn, Island kò sì bá Sunny Adé lọ mọ́. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ẹgbẹ́ African Beats, tí ó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, fi tú ká.

Ìtàn yìí kì í ṣe tuntun fún àwọn tí ó ń tẹ̀lé orin jùjú. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ohun tí ó fa ìjákulẹ̀ náà, nítorí àwọn ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ kò tó. Àwọn kan ní òyìnbó ni ó ba orin náà jẹ́. Àwọn mìíràn ní ó ti rẹ olórin náà, ohun tí ó ní láti sọ ti tán. Ní tiwa, a gbà pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó máa ń wà lójú àwo, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ á ṣẹ́ kù, ohùn á lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Etí ààlà ni ilẹ̀ wa wà. Ẹni tí ó bá ti Igolo kọjá, Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà ni yóò bọ́ sí. Ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ náà sí méjì, ṣùgbọ́n orin kò gba ìwé ìrìnnà kó tó kọjá. Jùjú Èkó di orin ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́hùn-ún. Yàtọ̀ sí èyí, àwo tí ó kọ́kọ́ gbé Sunny Adé dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé, apá ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ní Lomé. Paríparí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe orin lónìí ni ó ń dá a ṣe nínú yàrá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àgbà kan nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ènìyàn.

Bí a ṣe kọ́ orúkọ náà

Èkó ni jùjú ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1930, lọ́wọ́ Túndé King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré ni nígbà náà: ẹnì kan á mú gìtá tàbí báńjò, ẹnì kejì á mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kẹta á máa lu ìlù pẹlẹbẹ olówó-ẹyọ irin. Nígbà tí ó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1940, gángan ti wọ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni orin jùjú ti ní ẹnu méjì, ẹnu akọrin àti ẹnu ìlù. I. K. Dáíró fi àkọ́díọ̀nù kún un, òkìkí rẹ̀ sì kàn débi pé ní ọdún 1963, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ebenezer Obey tẹ̀lé e, ó sọ gìtá di púpọ̀, ó sì sọ orin di ìwàásù àti ìtàn.

Sunny Adé, tí a bí ní Òṣogbo ní ọdún 1946, tí ó sì jẹ́ ọmọ ìdílé ọba ní Oǹdó, kò fi orúkọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ni ó ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí Ọláìyá ṣì ń darí ẹgbẹ́ olórin háílàìfù. Nígbà tí ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, Green Spots ni ó sọ ọ́. Blue Spots sì ni ẹgbẹ́ I. K. Dáíró ń jẹ́. Ọmọ tí ó fẹ́ bá àgbà dọ́gba kò fi èrò rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ẹgbẹ́ náà di African Beats. Ní àárín àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn aáwọ̀ lórí àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tí ó ń tẹ àwo rẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀, ó dá ilé-iṣẹ́ àwo ti ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Nínú ẹgbẹ́ African Beats, gìtá kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ gìtá á máa dún lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù á di gbólóhùn kúkúrú kan mú, á sì máa tún un sọ láìyẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè gbọ́ lóun nìkan kí a sọ pé orin nìyí; àkópọ̀ wọn ni ó ń di orin. Lórí wọn ni gìtá onírin tí Dẹmọ́lá Adépọ̀jù ń ta á ti máa fa ohùn, bí ẹni ń kígbe láti ọ̀nà jíjìn. Gángan á máa sọ̀rọ̀ lábẹ́: á pa òwe, á ki ènìyàn, á dá akọrin lóhùn, nígbà mìíràn á sọ ohun tí akọrin kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Àwọn agberin á gba orin lẹ́nu olórí, wọ́n á sì dá a padà fún un.

Ẹlòmíràn tún wà níbẹ̀ tí a kì í kà mọ́ ẹgbẹ́. Òun ni ẹni tí wọ́n ń kì. Ní òde àríyá, olórin á pe ọlọ́lá lórúkọ, á dárúkọ baba àti ìyá rẹ̀, ọlọ́lá á dìde, á jó wá síwájú, á sì máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Bí ó bá ṣe ń jó pẹ́ tó ni orin á ṣe gùn tó. Bí ó bá yí ẹsẹ̀ padà, onílù á rí i, ìlù náà á yí. Ìdí nìyí tí orin kan fi lè gba ojú kan àwo tán, tí ó lè tó ìṣẹ́jú 18 tàbí 20. Àwo jùjú ti àwọn ọdún 1970 jẹ́ òde àríyá tí a ká mọ́ inú ike dúdú. Ẹni tí ń jó wà lára àwọn tí ó ṣe orin náà, bí a kò tilẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Láti Lomé dé Lọ́ńdọ̀nù

Bob Marley kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1981. Island, ilé-iṣẹ́ tí Chris Blackwell dá sílẹ̀ ní Jàmáíkà kí ó tó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ti gbé orin Marley dé gbogbo ayé. Àyè tí ó fi sílẹ̀ sì tóbi. Ojú àwọn oníṣòwò àwo wá yí sí ilẹ̀ Áfíríkà. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó fẹ́ràn orin wa, ni ó darí iṣẹ́ náà fún Sunny Adé. Ní Lomé, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Otodi, ni wọ́n ti gba ohùn àwo Juju Music sílẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1982.

Orin méje ni ó wà nínú Juju Music. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bíi Jà Fún Mi àti Mo Bẹ̀rù Àgbà, jẹ́ orin tí kò ṣàjèjì sí àwọn ará ilé. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí a ṣe tò wọ́n. Orin tí ó ń gùn tẹ́lẹ̀ di kúkúrú. Oríkì àwọn ọlọ́lá dín kù, nítorí ẹni tí yóò ra àwo náà ní Paris tàbí New York kò mọ ẹni tí wọ́n ń kì, kò sì ní ìdí láti fẹ́ mọ̀ ọ́n. Gìtá àti ìlù gba iwájú. Ẹgbẹ́ náà pé pérépéré síbẹ̀. Ohùn wọn mọ́ kedere ju bí ó ti ṣe mọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn òǹkọ̀wé orin ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà yin àwo náà gidigidi. Synchro System tẹ̀lé e ní ọdún 1983, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn àwo tí ó du ẹ̀bùn Grammy.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo àyípadà ni ó ń ba nǹkan jẹ́, kò sì tọ́ kí a sọ pé òyìnbó dé, orin bàjẹ́. Meissonnier ni ó darí àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dùn tó o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan: ní ọdún 1982, ẹni kan ti kúrò lójú agbo. Ọlọ́lá tí ń jó, tí ń pinnu bí orin yóò ṣe gùn tó, kò sí níbẹ̀ mọ́. Aago ni ó gba ipò rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà lágbára débi pé a kò fura.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú Aura

Nínú Aura, ìyọkúrò náà tẹ̀ síwájú. Ẹ̀rọ tí ń lu ìlù, tí ó jẹ́ ohun ìgbàlódé nígbà náà, gba àyè púpọ̀. Kò sí ibi tí a yíjú sí nínú orin ọdún wọ̀nyẹn tí a kì í gbọ́ ọ: ní Lọ́ńdọ̀nù, ní New York, ní Èkó pàápàá. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti lò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìlù ń ṣe nínú jùjú yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú orin dísíkò. Nínú dísíkò, ìlù ni ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó má yẹ̀. Nínú jùjú, ìlù jẹ́ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Onílù ń gbọ́, ó ń dúró, ó ń dáhùn, ó ń bú ènìyàn, ó ń tu ènìyàn nínú. Ẹ̀rọ kò gbọ́ ohun tí akọrin wí. Bí akọrin bá ki Ọ̀ṣun, bí ó bá ki Ṣàngó, ohun kan náà ni yóò máa lù.

Èyí ni ó jẹ́ kí ìjákulẹ̀ Aura ṣòroó ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbọ́ èdè wa. Lójú àjèjì, ohun gbogbo wà níbẹ̀. Ohùn Sunny Adé ṣì tutù bí omi àmù. Èdè Yorùbá ni ó fi kọrin, orúkọ àwọn orin náà sì jẹ́ Yorùbá. Gìtá onírin wà níbẹ̀, gángan pàápàá kò ṣàìsí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ń dá ara wọn lóhùn wá ń sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí. A kò gba Yorùbá lẹ́nu olórin náà. Àwọn tí yóò gbọ́ Yorùbá tí ó ń sọ, tí wọ́n á sì fi ìlù fèsì, ni a sún sẹ́yìn.

Ó yẹ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo. Aura kì í ṣe àwo burúkú. Àwọn kan wà tí ó fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní, tí wọ́n gbà pé ó ṣáájú ìgbà rẹ̀. Ìrètí tí Island gbé lé e lórí náà wúwo jù. Ní ọdún 1984 kan náà ni ilé-iṣẹ́ náà kó àwọn orin Marley jọ sínú àwo Legend, tí ó di ọ̀kan nínú àwọn àwo tí ó tà jù lọ ní ayé. Òkú Marley ń tà, wọ́n sì ń fi òṣùwọ̀n rẹ̀ wọn olórin jùjú alààyè. Ta ni yóò jẹ́rìí pé òṣùwọ̀n náà tọ́? Marley ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin fún àwọn tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Sunny Adé ń fi Yorùbá kọrin fún àwọn tí kò gbọ́ ọ. Kí ó tilẹ̀ rìn jìnnà tó bí ó ṣe rìn ni ìyanu.

Ìyọkúrò ìkẹyìn kò ṣẹlẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Nígbà ìrìn-àjò kan sí Jàpáànì ni aáwọ̀ lórí owó ba àárín olórí àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́, African Beats sì tú ká. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹgbẹ́ tí ó lé ní ogún ènìyàn ṣòroó bọ́, owó ọkọ̀ òfuurufú wọn nìkan lè jẹ èrè tán. Ẹni tí ó sì ń ta gìtá láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ó wá rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lójú àwo, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ó kàn án. Bí a bá to ìtàn náà bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé ẹni tí ń jó ni ó kọ́kọ́ lọ, onílù tẹ̀lé e, gbogbo ẹgbẹ́ sì kẹ́yìn. Orúkọ nìkan ni ó kù.

Kì í ṣe jùjú nìkan

Bí ó bá jẹ́ pé Sunny Adé nìkan ni ó ṣẹlẹ̀ sí, a lè pè é ní àgbákò. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbà méjì mìíràn, ọ̀kan ní Èkó, èkejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ẹnì kan náà sì wà nínú iṣẹ́ méjèèjì.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà mú Fẹlá Aníkúlápó Kútì ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó nígbà tí ó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ̀sùn owó òkèèrè kàn án, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un. Àjọ Amnesty International kéde pé ẹlẹ́wọ̀n nítorí èrò ọkàn rẹ̀ ni. Ó ti gba ohùn Army Arrangement sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Egypt 80, orin kan tí ó gùn tó nǹkan bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí ó wà lẹ́wọ̀n, ilé-iṣẹ́ Celluloid fún Bill Laswell, ọmọ Amẹ́ríkà, ní iṣẹ́ láti tún un ṣe. Laswell gé e kúrú, ó sì mú àwọn olórin mìíràn wá láti lu ìlù àti dùùrù lé e. Sly Dunbar, onílù ọmọ Jàmáíkà, wà lára wọn. Bí àwo náà ṣe jáde ní ọdún 1985 nìyẹn, pẹ̀lú orúkọ Fẹlá lójú rẹ̀. Fẹlá jáde lẹ́wọ̀n ní oṣù kẹrin ọdún 1986, kò sì fi pamọ́ pé òun kórìíra ohun tí wọ́n fi orúkọ òun ṣe.

Ní ọdún 1985 náà ni Mick Jagger, akọrin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Rolling Stones, gbé àwo àdáṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, She's the Boss. Ó ti lé ní ogún ọdún tí òun àti Keith Richards ti jọ ń ṣiṣẹ́. Bill Laswell yìí kan náà wà lára àwọn tí ó darí iṣẹ́ náà, Sly Dunbar náà sì lu ìlù níbẹ̀. Àwọn ọ̀jáfáfá pọ̀ nínú àwo náà ju bí a ṣe lè kà wọ́n lọ. Orúkọ Jagger tà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe èkejì, Primitive Cool, ní ọdún 1987, àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2001, tí Goddess in the Doorway jáde, iye tí ó tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò pé 1,000. Ẹgbẹ́ Rolling Stones, ẹ̀wẹ̀, ń kún pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù fọ́fọ́ níbikíbi tí wọ́n bá lọ láti ìgbà tí wọ́n ti tún padà jọ ṣe Steel Wheels ní ọdún 1989.

Kí ni a rí kọ́? Ẹni tí ó mọ orin dáadáa ni Laswell, kò sí onílù tí yóò fojú tín-ín-rín Dunbar. Ọ̀jáfáfá kò wọ́n nínú àwọn àwo wọ̀nyí. Ohun tí ó wọ́n ni àwọn tí ó mọ ara wọn. Ẹni tí ó ti bá ọ ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún mọ ìgbà tí o fẹ́ mí kí o tó mí. Ó mọ ìgbà tí yóò dá ọ dúró. Bóyá ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nìyẹn: ó lè sọ fún ọ pé ohun tí o kọ kò tíì dára. Àwọn tí a sanwó fún láti wá lu ìlù fún ọjọ́ mẹ́ta kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún gbajúmọ̀.

Kíkúrò kì í ṣe ikú

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń sọ pé ẹni tí ó bá fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti tán fún un. Tony Allen, onílù tí òun àti Fẹlá jọ gbé áfúróbíìtì kalẹ̀, kúrò lọ́dọ̀ Fẹlá ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó sì ṣe iṣẹ́ tí ó níyì títí ó fi kú ní Paris ní ọdún 2020. Keith Richards, nígbà tí Jagger ń ṣe tirẹ̀, dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ kí ó tó ṣe Talk Is Cheap ní ọdún 1988, àwọn ènìyàn sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa náà ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Vincent Ahéhéhinnou, ọ̀kan nínú àwọn akọrin Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou tí Mélomé Clément dá sílẹ̀, fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1978. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe àwo tirẹ̀, Best Woman, Èkó ni ó lọ, ó sì wọ inú ẹgbẹ́ mìíràn tí ó ti mọ ara rẹ̀, Black Santiagos ti Ignace de Souza, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó fi Èkó ṣe ilé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ará Yúróòpù tún un tẹ̀ jáde, wọ́n sì ń wá a kiri. Ó fi agbo kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú agbo mìíràn ni ó bọ́ sí.

Sunny Adé pàápàá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Lẹ́yìn tí African Beats tú ká, ó kó ẹgbẹ́ mìíràn jọ ní Nàìjíríà, ó sì padà sí òde àríyá. Nígbà tí Amẹ́ríkà tún gbúròó rẹ̀ dáadáa ní ọdún 1988, àwo tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lójú agbo ni, Live Live Juju, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pariwo tí ìlù sì ń dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1998 ó ṣe Odù, wọ́n sì tún yàn án fún Grammy. Dẹmọ́lá Adépọ̀jù náà kò dákẹ́: òun ni ó ta gìtá onírin nínú orin Graceland ti Paul Simon ní ọdún 1986. Mélòó nínú wa ni ó gbọ́ orin náà tí ó mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni ó ń fa ohùn yẹn?

Ìdájọ́ lójú agbo

Àwọn kan lè sọ pé kò yẹ kí a máa wí pé iṣẹ́ àgbà kò dùn. Àṣà wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, tí ó ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àwa, Nàìjíríà àti Togo, akọrin kì í dá orin rẹ̀ kọ tán. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dùn, àwọn agberin á gbà á, agbo á gbà á, wọ́n á ní kí ó tún un kọ, ní ọjọ́ kejì gbogbo ìlú á ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá dùn, kò sí ẹni tí yóò bú u. Orin náà kò kàn ní rí ẹni gbà á. Ìdákẹ́jẹ́ agbo ni ìdájọ́. Ìdájọ́ náà kò sì tàbùkù àgbà, nítorí inú agbo kan náà ni ó wà pẹ̀lú àwọn tí ó ń dá a lẹ́jọ́, ó sì lè tún un kọ dáadáa kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwo tí a ṣe sí ọ̀nà jíjìn kò ní àǹfààní yìí. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ agbo dé etí Sunny Adé ní ọdún 1984, owó ti tán, àdéhùn ti tán.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa ni èyí. Àwọn àgbà tí ó lu ìlù, tí ó ta gìtá, tí ó gberin fún àwọn olórin agbègbè wa, láti Ìfọ̀nyìn dé Ṣàkẹ́tẹ́, Pọbẹ̀ àti Àjàṣẹ́, ń dín kù lọ́dọọdún. Bí ẹ bá lọ bá olórin àgbà láti gba ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má ṣe fi orúkọ tirẹ̀ nìkan padà wálé. Ẹ bi í pé ta ni ó ń lu ìyáàlù, ta ni ó kọ́ ọ ní gìtá, ta ni ó ń gba orin lẹ́nu rẹ̀, òde ta ni orin náà ti kọ́kọ́ gùn. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní Faransé, ẹ fi àmì sí orúkọ wọn bí ó ti yẹ. Ìtàn orin tí ó bá mọ olórí nìkan yóò máa sọ pé ó rẹ ẹ, tàbí pé òyìnbó ni ó bà á jẹ́, nítorí kò ní mọ ẹni tí ó kúrò nínú ilé.

Bí Aura bá sì bọ́ sí ọwọ́ yín lọ́jọ́ kan, ẹ gbọ́ ọ, kò ní pa yín lára. Lẹ́yìn náà ẹ wá Juju Music, ẹ gbọ́ òun náà. Kí ẹ tó fi ìkejì padà sí ipò rẹ̀, ẹ yí àpò rẹ̀ padà, kí ẹ ka orúkọ àwọn tí a kọ sí ẹ̀yìn pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké.